Kóòdù kì í ṣe ìdájọ́: ẹ yẹ ọkọ̀ wò kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi lẹ́tà yìí sójú ìwé yín nítorí àwọn onímọ́tò tó ń ra sẹ́ńsọ̀ (ohun tí ọkọ̀ fi ń wọn nǹkan lára rẹ̀) dípò èyí tí kò bàjẹ́. Ní Ìlẹ́ṣà níbí, àti lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Lágéré àti Sábó ní Ilé-Ifẹ̀, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀. Iná check engine tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, onímọ́tò gbé ọkọ̀ lọ bá ẹni tó ní sikánà (ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀ jáde), kóòdù (nọ́ńbà àṣìṣe náà) jáde, wọ́n ní oxygen sensor (èyí tó ń wọn atẹ́gùn inú èéfín) ni, wọ́n lọ ra tòkunbọ̀ rẹ̀, wọ́n pa kóòdù rẹ́, iná kú. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, iná ti padà. Wọ́n tún ra òmíràn. Ní ìgbà kẹta, onímọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwọn ará ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, sikánà kò mọ nǹkan tó bàjẹ́. Ohun tí brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) rí tí kò bá ìṣirò rẹ̀ mu ló kọ sílẹ̀, òun náà ni sikánà sì ń kà jáde. Ó dà bí aládùúgbò tó figbe ta pé òun rí èéfín: òótọ́ ni pé èéfín wà, ṣùgbọ́n ilé tó ń jó àti ẹni tó ń sun pàǹtí ní ẹ̀yìnkùlé, èéfín ni wọ́n jọ ń rú. Iṣẹ́ ríwáyà ni láti rìn dé ibẹ̀ kó lọ wò ó.

Iná fúnra rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì tíì sítáàtì, iná check engine gbọ́dọ̀ tàn. Tí ẹ́ńjìnnì bá dìde, ó yẹ kó kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá tàn rárá ní ON, ẹ má yọ̀. Ó lè jẹ́ gílóòbù ló jó, ó lè jẹ́ pé brain box kò rí iná gbà nítorí fíúsì rẹ̀ ti já, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún yín ló fi téèpù dúdú bo ojú rẹ̀. Ní òdì kejì, ẹ lè rí iná tó ń tàn nígbà tí sikánà ń sọ pé kò sí kóòdù kankan. Nínú ọkọ̀ tó ní wáyà ọ̀tọ̀ láti brain box sí gílóòbù náà, brain box á fún wáyà yẹn ní ẹ́ẹ̀tì (ìyẹn ọ̀nà ńẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, tó so mọ́ irin ọkọ̀) kí iná tó tàn. Bí wáyà náà bá ti bó níbì kan tó sì ń fara kan irin ọkọ̀, iná á tàn láìjẹ́ pé brain box dá sí i. Ẹ yọ orí ńẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box, ẹ dá orí bátìrì padà, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON. Bí iná bá ṣì ń tàn, wáyà ni kí ẹ máa tọpa rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tuntun tí dáṣíbọ́ọ̀dù àti brain box ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì tí wọ́n ń pè ní CAN, ọgbọ́n yìí kò ní í ṣiṣẹ́. Sikánà tó mọ ọkọ̀ náà dáadáa la fi ń wo ti wọn.

Bí iná bá ń ṣẹ́jú, tí ọkọ̀ sì ń jẹ́ẹ̀kì, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti àwàdà. Sílíńdà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò jó epo rẹ̀, epo náà sì ń ṣàn wọ inú sàlẹ́ńsà. Kátálíìsì tó wà níbẹ̀, tó ń fọ èéfín mọ́, á máa jó o dípò ẹ́ńjìnnì, á gbóná kọjá ààlà, amọ̀ oníhò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á yọ́, á sì dí ọ̀nà èéfín pa. Ẹ má fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gun òkè Èrìn lọ sí Àkúrẹ́. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ rọra wá ibi tí ẹ máa páàkì sí. Èyí tó dúró láìṣẹ́jú, tí ọkọ̀ ń rìn bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀, ẹ lè fi délé. Iná ọ́ìlì àti iná ìgbóná kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ o. Ìwọ̀nyẹn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ojú sikánà oníhò 16 lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá dẹ́rẹ́bà. Ti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ láti 2001 fún ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù, àti 2004 fún oní-dísẹ́ẹ̀lì. Ihò 16 ló ń gba iná bátìrì tààrà, ihò 4 àti 5 sì ni ẹ́ẹ̀tì. Bí sikánà bá kọ̀ tí kò tàn, ẹ má tíì kéde ikú brain box. Ẹ fi mítà wọn ihò 16 sí ihò 4. Bí kò bá sí vólìtì 12 níbẹ̀, ẹ lọ yẹ fíúsì wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òun àti ibi tí a ń ki ṣájà fóònù sí ló jọ ń lo fíúsì kan, ṣájà ayédèrú ló sì sábà máa ń jó o. Sikánà kékeré oní-Bluetooth tí wọ́n ń pè ní ELM327, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, tó onímọ́tò láti ka kóòdù àti láti wo bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Kì í ka kóòdù búrékì ABS àti ti airbag nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ayédèrú rẹ̀ sì kún ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ṣòro kí wọ́n ka ohun tí kò sí fún un.

Lẹ́tà P tó ṣíwájú kóòdù ni ti ẹ́ńjìnnì àti gíà. Bí òdo bá tẹ̀ lé e, kóòdù tí gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi ẹnu kò lé lórí ni. Bí 1 bá tẹ̀ lé e, ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ni, nítorí náà ìtumọ̀ rẹ̀ lórí Honda lè yàtọ̀ pátápátá sí ti Toyota. Ẹni tó bá fi ìwé Honda túmọ̀ ti Toyota á ra ohun tí kò ní í lò. Nọ́ńbà kejì, èyí tó tẹ̀ lé òdo tàbí 1 yẹn, ló ń sọ agbo ilé: 1 àti 2 fún epo àti atẹ́gùn, 3 fún púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì, 4 fún èéfín, 5 fún sílò (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ kò tẹ tọ́tù) àti eré ọkọ̀, 6 fún brain box fúnra rẹ̀, 7 fún gíà.

Ohun tí a ń bẹ gbogbo ríwáyà ni pé kí wọ́n má kánjú pa kóòdù rẹ́. Nígbà tí brain box kọ kóòdù yẹn sílẹ̀, ó kọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe wà ní ìṣẹ́jú náà mọ́ ọn: yípo ẹ́ńjìnnì, eré ọkọ̀, ìgbóná omi, ìwọ̀n epo tó ń fún un. Freeze frame ni sikánà ń pè é. Ọkọ̀ tó kọ P0300 (pé ẹ́ńjìnnì ń mísì, ìyẹn pé kò jó epo rẹ̀, láìyan sílíńdà kan) ní sílò nígbà tí omi ṣì wà ní ìgbóná 30, àìsàn rẹ̀ kì í ṣe ti èyí tó kọ ọ́ lórí eré 100 lójú ọ̀nà Òṣogbo. Tí ẹ bá ti pa á rẹ́, ẹ̀rí ti lọ. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sórí bébà, tàbí kí ẹ fi fóònù ya ojú sikánà náà.

Àwọn tó ń pa kóòdù rẹ́ tà ní nǹkan kan tó ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, ó sì yẹ kí onímọ́tò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ kóòdù kì í tan iná ní ìgbà àkọ́kọ́. Àṣìṣe náà gbọ́dọ̀ fara hàn nínú ìrìn méjì tó tẹ̀ léra (ìrìn kan ni pé kí ẹ sítáàtì, kí ẹ wakọ̀, kí ẹ sì pa á). Ti àkọ́kọ́ á wà ní pending lórí sikánà, iná kò ní í tàn. Ìdí nìyí tí iná fi máa ń dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti gba owó yín. Kò sẹ́ni tó tún nǹkan kan ṣe, brain box ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Bí ẹnì kan bá tún ọkọ̀ ṣe lóòótọ́, kò tilẹ̀ pọn dandan kó pa kóòdù rẹ́: lẹ́yìn ìrìn mẹ́ta tí brain box ṣe àyẹ̀wò tí kò rí àṣìṣe náà mọ́, á pa iná fúnra rẹ̀. Yíyọ orí bátìrì kò sàn ju pípa kóòdù rẹ́ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó tún ń pa ohun tí brain box ti kọ́ nípa sílò rẹ́, ni ọkọ̀ fi máa ń fẹ́ kú ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan sẹ́ńsọ̀ kankan, ẹ wọn bátìrì. Bí ọkọ̀ bá ti sinmi mọ́jú, ó yẹ kó wà ní vólìtì 12.6 tàbí nítòsí ibẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín 13.5 sí 14.7. Bátìrì tó ti rẹ̀ lè kọ kóòdù márùn-ún sílẹ̀ tí kò sí òótọ́ nínú ìkankan. Lẹ́yìn náà, ẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ tan iná iwájú àti AC, ẹ fi ẹnu dúdú mítà kan orí ńẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kí ẹ fi ẹnu pupa kan irin ẹ́ńjìnnì gan-an. Ohun tó bá kọjá vólìtì 0.2, wáyà ẹ́ẹ̀tì ti jẹrà tàbí bóòtù rẹ̀ ti dẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kun ọkọ̀ dé, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí wọ́n máa ń kun ojú ibi tí ẹ́ẹ̀tì ti ń fara kan irin.

Nígbà tí kóòdù mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà fún sẹ́ńsọ̀ tí kò jọ jókòó síbì kan, wọn kò lè jọ kú lọ́jọ́ kan náà. Vólìtì 5 kan ṣoṣo ni brain box sábà máa ń pín fún púpọ̀ nínú wọn: sẹ́ńsọ̀ tọ́tù, MAP (tó ń wọn ìfúnpá atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì), ti gáàsì AC nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn. Bí ọ̀kan bá ti ṣọ́ọ̀tì nínú, vólìtì 5 náà á wó lulẹ̀ fún gbogbo wọn. Ẹ fi mítà sí wáyà vólìtì 5, kí ẹ máa yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ yọ tí vólìtì 5 sì padà wá, òun ni ọ̀daràn. Bí ẹ yọ gbogbo wọn tí kò padà, wáyà ni, eku sì wà lára àwọn tí a óò bi léèrè. Ọkọ̀ tó bá sùn pẹ́ nítòsí igbó tàbí ẹ̀yìnkùlé tó hu koríko, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ wo abẹ́ intake (páìpù tó ń gbé atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì) dáadáa, ibẹ̀ ló móoru tí wọ́n fẹ́ràn.

Kóòdù tó ń jẹ owó èèyàn lásán jù lágbègbè wa ni P0171. Ohun tó ń sọ ni pé atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ nínú ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Ẹni tó bá kà á á ní oxygen sensor ti kú, nígbà tó jẹ́ pé oxygen sensor yẹn ló ṣiṣẹ́ rẹ̀ tí brain box fi mọ̀. Ẹ gbé fuel trim (ìwọ̀n epo tí brain box ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò) jáde lórí sikánà, ti ìgbà kúkúrú àti ti ìgbà pípẹ́, kí ẹ ro méjèèjì pọ̀. Láàárín -10% sí +10% kò burú. Bí ó bá ti ń lé ní +20%, brain box ti ń bu epo kún epo, agbára rẹ̀ sì ti ń tán lọ. Ẹ wò ó ní sílò, kí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa; lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e sí 2,500 yípo, kí ẹ dì í mú níbẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú.

Tó bá ga ní sílò tó sì wálẹ̀ sí itòsí òdo ní 2,500, atẹ́gùn kan ń yọ́ wọlé lẹ́yìn airflow (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì). Ìdí ni pé ní sílò, atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì ń fà kéré, nítorí náà èyí tó ń jalè wọlé jẹ́ apá ńlá nínú rẹ̀; ní eré, atẹ́gùn tòótọ́ pọ̀ débi pé ti olè kò tó nǹkan mọ́. Ẹ wo rọ́bà ńlá tó wà láàárín airflow àti throttle body (ibi tí tọ́tù ti ń ṣí ọ̀nà fún atẹ́gùn), ẹ tẹ̀ ẹ́ wò nínú àwọn ìṣẹ́po rẹ̀ nítorí ibẹ̀ ló ti ń sán. Ẹ wo họ́ọ̀sì PCV (èyí tó ń dá èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà sí intake), họ́ọ̀sì búrékì, gásíkẹ́ẹ̀tì intake. Ẹ lè fi omi lásán inú ìgò tó ń fọ́n máa wọ́n àwọn ojú wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní sílò, kí ẹ yẹra fún kọ́ìlì àti alternator. Ibi tí omi bá ti yí ohùn ẹ́ńjìnnì padà ló ti ń jò. Àwọn kan ń fi carburettor cleaner ṣe é. Ó ń yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbaná lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, a kò gbà á fún ọmọ iṣẹ́. Ọkọ̀ tó ń lo MAP tí kò ní airflow, ohun tí irú jíjò bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ń fà nínú rẹ̀ ni sílò gíga.

Tó bá sì dára ní sílò, tó wá ń ga sí i bí ẹ ṣe ń tẹ tọ́tù, epo ni kò tó, tàbí kí airflow máa ka atẹ́gùn kù. Ẹ́ńjìnnì 1.8 tó ti gbóná, tí AC rẹ̀ kú, sábà máa ń fa gíráàmù 2 sí 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní sílò. Èyí tó bá ń ka ohun tó kéré sí i dáadáa, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ọṣẹ ìfọ́n tí wọ́n ṣe fún airflow nìkan fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà. Òwú, búrọ́ọ̀ṣì àti bẹntiróòlù kò gbọ́dọ̀ kan wáyà tín-ín-rín tó wà nínú rẹ̀. Bí airflow bá mọ́, ẹ wọn agbára epo. Nínú Corolla 1.8 àti Camry 2.4 tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 2003, èyí tí a ń pè ní Big Daddy wà nínú wọn, géèjì yẹ kó ka 44 sí 50 psi. Èyí tó bá ń ka 30, pọ́ńpù inú táǹkì tàbí fílítà rẹ̀ ni. Àwọn tó ń wakọ̀ títí iná epo á fi tàn lójoojúmọ́ ló ń pa pọ́ńpù, nítorí epo tó wà nínú táǹkì ló ń mú un tutù. Epo inú kẹ́ẹ̀gì ìgbà ọ̀wọ́n epo náà ní ìdọ̀tí tirẹ̀ tó ń gbé wọ fílítà.

P0301 sí P0304 rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń sọ lọ. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ni ti sílíńdà tó ń mísì. Nínú ọkọ̀ oní-kọ́ìlì mẹ́rin, bí ó bá jẹ́ P0301, ẹ gbé kọ́ìlì 1 sí sílíńdà 3, ẹ mú ti 3 wá sí 1, kí ẹ wakọ̀. Bí kóòdù bá di P0303, kọ́ìlì náà ló gbé àìsàn lọ. Bí ó bá dúró sí P0301, ẹ pààrọ̀ ipò púlọ́ọ̀gì bákan náà, lẹ́yìn rẹ̀ nọ́sù tó ń fọ́n epo, kí ẹ tó wá wọn kọ́ńpírẹ́sọ̀n (bí sílíńdà ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀ tó). Kò ná yín ní kọ́bọ̀ títí di ibí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ ra kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà nítorí P0301, ẹ bi í ohun tó wọ̀n. Púlọ́ọ̀gì ayédèrú tó kún ọjà tún wà níbẹ̀: ẹ fi gééjì wọn àlàfo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọlé; ti iridium nínú Corolla 1.8 jẹ́ 1.1 mm. Bí ẹ bá rí ọ́ìlì nínú kòtò púlọ́ọ̀gì, rọ́bà abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì ló ti le, kọ́ìlì tuntun tí ẹ kì sínú ọ́ìlì yẹn kò ní í pẹ́ kó tó bàjẹ́. A tún fẹ́ bẹ àwọn ọmọ car wash wa. Ẹ dákun, ẹ yé fi omi alágbára àti ọṣẹ fọ ẹ́ńjìnnì. Omi ń dúró sínú kòtò púlọ́ọ̀gì, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ẹ̀kì kó tó dé Òṣú, wọ́n á sì ní P0300 ni. Ẹ yọ kọ́ìlì, ẹ fi atẹ́gùn fẹ́ kòtò náà gbẹ, ó tán.

Ní ti P0420, ó ń sọ pé kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ tó mọ́. Kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀, ẹ wò bóyá sàlẹ́ńsà ń jò níwájú sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn, nítorí atẹ́gùn tó bá gba ibẹ̀ wọlé á tan sẹ́ńsọ̀ jẹ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ dì í mú ní 2,500 yípo, kí ẹ wo sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́yìn kátálíìsì. Ó yẹ kó dúró ṣinṣin ní nǹkan bíi vólìtì 0.6 sí 0.7. Bí ó bá ń fò láàárín 0.1 àti 0.9 láìdúró, kátálíìsì ti kú, tàbí kí ó má tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń lọ káàkiri ra kátálíìsì nítorí platinum, palladium àti rhodium inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì sì ń tú u tà, wọ́n á jó páìpù òfìfo mọ́ ibẹ̀, wọ́n á sọ fún onímọ́tò pé ọkọ̀ á sáré dáadáa sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni onímọ́tò kò mọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé lóòótọ́ ló kú, ẹ wá ohun tó pa á, kó má bàa pa tuntun: ẹ́ńjìnnì tó ń mísì tàbí tó ń jẹ ọ́ìlì ni.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìgbóná omi rọrùn láti yẹ̀ wò, ó sì yà wá lẹ́nu pé wọn kì í ṣe é. Ní òwúrọ̀ kùtù, kí ẹ tó sítáàtì, ẹ wo ìgbóná omi àti ìgbóná atẹ́gùn lórí sikánà. Méjèèjì yẹ kó súnmọ́ra, nítorí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú. Bí ọ̀kan bá ń ka -40, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti yọ tàbí wáyà rẹ̀ ti já. Kò tíì sí òtútù bẹ́ẹ̀ rí ní Ìjẹ̀ṣà. Bí ó bá ń ka 140 lórí ẹ́ńjìnnì tútù, ó ti ṣọ́ọ̀tì. P0128 yàtọ̀ sí èyí. Òun ń sọ pé omi kò gbóná tó bó ṣe yẹ ní àkókò tó yẹ. Níbí, ìdí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ sẹ́ńsọ̀: mẹkáníìkì ló ti yọ tẹ́mósítáàtì dànù pé ilẹ̀ wa gbóná. A kò gbà pẹ̀lú àṣà yìí, a sì ń sọ ọ́ ní gbangba. Tẹ́mósítáàtì tó ń ṣí ní nǹkan bíi 82 ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì Toyota púpọ̀ fún. Bí omi bá ń rìn ní 65, brain box á rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á máa fún un ní epo púpọ̀, ọkọ̀ á máa jẹ epo, ọ́ìlì á sì tètè bàjẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbóná jù, ẹ tún rédíétọ̀ àti fáànù rẹ̀ ṣe.

Ti kóòdù tó ń sọ nípa jíjò èéfín epo, bíi P0440, P0442 àti P0455, ẹ kọ́kọ́ wo ìdérí táǹkì àti rọ́bà ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń ta epo pé kó dúró nígbà tí ẹnu ọ̀pá bá ti dá ara rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan. Epo tí wọ́n ń rọ̀ kún un títí dé ọrùn ló ń wọ inú kánísítà èédú tó sì ń bà á jẹ́. Àwọn kóòdù wọ̀nyí kì í ba ìrìn ọkọ̀ jẹ́.

Ẹni tó ṣì ń wa Toyota àtijọ́ tó ṣíwájú 1996 náà kò gbọ́dọ̀ ro ara rẹ̀ pin pé sikánà kò sí. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, àpótí kékeré kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí lórí. Ẹ fi wáyà kékeré so TE1 mọ́ E1, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìsítáàtì, kí ẹ máa ka bí iná check engine ṣe ń ṣẹ́jú. Bí ó bá ń ṣẹ́jú déédéé láìdúró, kò sí kóòdù. Bí ó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, tó dúró díẹ̀, tó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, 22 nìyẹn, ẹ̀ka sẹ́ńsọ̀ ìgbóná omi. 21 jẹ́ ti oxygen sensor, 41 ti sẹ́ńsọ̀ tọ́tù. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kí ẹ yọ fíúsì EFI fún ìdajì ìṣẹ́jú.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ máa gba owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún oníbàárà: kóòdù tí ẹ bá níbẹ̀, freeze frame, ohun tí ẹ wọ̀n àti iye tó kà. Bí a kò bá gba owó lórí àyẹ̀wò, orí sẹ́ńsọ̀ la óò ti gbà á, ibẹ̀ sì ni ìwà ìbàjẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Onímọ́tò náà, ẹ má bínú sí ẹni tó bá ní òun fẹ́ di ọkọ̀ mú di ọ̀sán kó tó dárúkọ nǹkan tó bàjẹ́.

Fún ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ tàbí ọkọ̀ tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí: ẹ ní kí wọ́n má ṣe sítáàtì rẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, kí ẹ wò bóyá iná check engine tàn; kí ẹ sítáàtì, kí ẹ wò bóyá ó kú lọ́tọ̀ tàbí ó bá iná ọ́ìlì kú pọ̀ gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá jọ kú lẹ́ẹ̀kan náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ sítáàtì, ẹnì kan lè ti so wáyà wọn pọ̀. Ẹ ki sikánà yín bọ̀ ọ́, kí ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ readiness sí, níbi tó ti ń sọ àyẹ̀wò tí brain box ti parí. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ń ka not ready, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ ni tàbí wọ́n yọ bátìrì. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wà á fún ọjọ́ méjì, tàbí kí ẹ dín owó yín kù. Kí ẹ sì wo ibi tí sikánà kọ MIL sí, orúkọ tó ń pe iná check engine. Bí ó bá ń ka ON nígbà tí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù dúdú, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún ẹni tó ń tà á.

Àwa ríwáyà àti mẹkáníìkì mélòó kan,
Ìlẹ́ṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.